Ta Ni Ó Ṣe É? Olùṣe Tí Ó Fara Pamọ́ Nínú Àdéhùn Èkó ti Ọdún 1861

Agbára káká ni a fi lè rí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì fún ní iṣẹ́ yìí rí: kí ó mú gbólóhùn kan, kí ó yí i po, kí àbọ̀ bọ́ sí iwájú, kí olùwà sì lọ sí ẹ̀yìn. "Ade bought the book" yóò di "The book was bought by Ade". Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba máàkì rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Bákan náà ni wọ́n ń kọ́ ọ bí a ti í fi "who" àti "which" so gbólóhùn kan mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, tí yóò sì há a sórí bí ẹni há tábìlì ìṣirò. Ohun tí a kì í sábà sọ fún un ni pé irú àwọn gbólóhùn méjì yìí ti gbé ohun tí ó wúwo ju máàkì ìdánwò lọ. Ní Erékùṣù Èkó, wọ́n ti gbé adé àti ilẹ̀.

Orúkọ tí ó bá irú gbólóhùn kìíní mu ní Yorùbá ni gbólóhùn afaragbá, nítorí pé ẹni tí ọ̀ràn dé bá ni ó jókòó sí ipò olùwà. Èkejì ni awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe. Ó yẹ kí á wo bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo méjèèjì, kí á sì wo bí Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí á tó gbé ìwé tí Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1861 yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni gbólóhùn afaragbá ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èkíní, ó ń gbé àbọ̀ wá sí ipò olùwà. Èkejì, ó ń yí ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe padà: "bought" di "was bought". Ẹ̀kẹta, ó ń ti olùṣe sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kékeré náà, "by". Bí ó bá sì wu ẹni tí ń kọ̀wé, ó lè gé ìrù náà kúrò pátápátá. "The book was bought": gbólóhùn náà pé, gírámà kò sì bèèrè ohunkóhun mọ́. Ẹni tí ó ra ìwé ti wọ igbó lọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo gbólóhùn afaragbá. Bí ọlọ́pàá bá ń kọ ìròyìn ṣọ́ọ̀bù tí olè fọ́ lóru, tí kò sì tíì mọ olè náà, òtítọ́ ni ó sọ bí ó bá fi àyè olùṣe sílẹ̀. Bí òpìtàn bá sì ń sọ ìtàn Ìgá Ìdúngànrán, yóò fẹ́ kí Ìgá náà máa wà ní orí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí òǹkàwé má baà máa sá tọ àwọn bíríkìlà lẹ́yìn. Irinṣẹ́ ni gbólóhùn afaragbá. Ọwọ́ tí ó bá mú un ni a ń bi léèrè.

Ní ti Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í pa aṣọ dà. "Rà" ni yóò máa jẹ́, ẹni yòówù tí ì báà jókòó sí iwájú. Iṣẹ́ mẹ́ta tí Gẹ̀ẹ́sì dì sínú ẹrù kan, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Yorùbá ń gbà ṣe wọ́n. Bí a bá fẹ́ kí àbọ̀ wà ní iwájú, "ni" yóò gbé e síbẹ̀: "Ìwé náà ni Adé rà." Adé kò kúrò ní àyè rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láìsí pé a ń wá olùṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe púpọ̀ wà tí wọ́n lè gba nǹkan náà fúnra rẹ̀ ní olùwà: ilẹ̀kùn ṣí, ògiri wó, aṣọ ya. Bí olùṣe bá wà, ṣùgbọ́n tí a kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, "wọ́n" tàbí "a" ni yóò jókòó dè é: "Wọ́n ti ra ìwé náà"; "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá."

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ pàtàkì wà. Bí Yorùbá bá fi olùṣe pamọ́, ó ń fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga. Ẹni tí ó gbọ́ "wọ́n" lè bèèrè lójú ẹsẹ̀ pé, "Àwọn wo?" Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá yan "a" dípò "wọ́n" ti sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí, nítorí "wọ́n" yọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kúrò nínú ọ̀ràn, ṣùgbọ́n "a" lè kó o mọ́ ọn. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ lè gbé àga náà kúrò nílé. Nítorí náà, ẹni tí ń túmọ̀ gbólóhùn afaragbá sí Yorùbá kò lè ṣàìyan ẹnìkan sí ipò olùwà, bí ẹni tí ó kọ Gẹ̀ẹ́sì náà kò tilẹ̀ yan ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe kò jìnnà sí èyí. "Who", "which", "whose" àti "where" ti Gẹ̀ẹ́sì, "tí" nìkan ṣoṣo ni ó ń dáhùn fún wọn ní Yorùbá: ọkùnrin tí ó wá, ìwé tí mo rà, obìnrin tí ilé rẹ̀ jó, ibi tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀bùn kan tí "tí" kò ní: ó lè gé awẹ́-gbólóhùn náà kúrú. "The stamp which is affixed to the document" yóò di "the stamp affixed to the document". Ohun méjì ni ó bọ́ sọnù nínú gígé náà: ọ̀rọ̀ asopọ̀ àti àmì àkókò; olùṣe ti fara pamọ́ tẹ́lẹ̀. "Affixed" kò sọ bóyá wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ náà, tàbí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tàbí wọn yóò tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni pé Yorùbá ní "ẹran yíyan" àti "ẹ̀wà sísè", tí wọn kò dárúkọ alásè. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀ kì í ru ẹrù gígùn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, "tí" gbọ́dọ̀ wọlé, olùwà yóò sì tẹ̀ lé e: òǹtẹ̀ tí ọba tẹ̀, òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀, òǹtẹ̀ tí ọba bá tẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọ ara wọn.

Àpẹẹrẹ òǹtẹ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Inú Àdéhùn Èkó ni ó ti wá.

Ìtàn bí àdéhùn náà ti ṣẹlẹ̀ kò ṣe àjèjì sí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn sí ìlú náà, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lọ, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Akítóyè wàjà ní ọdún 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ní ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun tí à ń pè ní Prometheus wà ní Èkó, Dòsùnmú àti àwọn ìjòyè rẹ̀ mélòó kan fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi ìlú fún Ọbabìnrin Victoria. Norman Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ náà, àti William McCoskry, ẹni tí ń ṣe adelé fún kọ́ńsùlù, ni wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́ fún Ọbabìnrin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, orúkọ tí a sì kọ fún ọba nínú rẹ̀ ni "Docemo".

Ẹni tí ó bá ka ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ka gírámà yóò rí ohun kan lójú ẹsẹ̀. Ní ibi tí a ti ń fi nǹkan sílẹ̀, Dòsùnmú ni olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe sì dúró ṣinṣin níwájú rẹ̀. Èmi Dòsùnmú, ni ìwé náà wí, mo fi í fúnni, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́, mo yọ̀ǹda rẹ̀, mo sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin wà lórí ara wọn, kò sì sí ọ̀kan tí olùṣe rẹ̀ fara sin. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí ń gba nǹkan fẹ́ kí orúkọ ẹni tí ó fi í fún òun hàn gbangba, kí ó má baà sẹ́ lọ́la.

Ṣùgbọ́n ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ohun tí yóò kù fún ọba àti àwọn ará ìlú, gírámà yí padà. Àwọn ará erékùṣù, ni ìwé náà wí, "being still suffered to live there". Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ṣọ́ra yóò sọ pé wọn yóò máa jìyà níbẹ̀, nítorí ìtumọ̀ tí "suffer" ní lónìí. Ìtumọ̀ àtijọ́ ni ó wà níhìn-ín, èyí tí í ṣe "gbà láyè". Àwọn tí wọ́n bí ní Ìdúmọ̀tà àti Òkèpópó ti di ẹni tí a gbà láyè láti máa gbé ilé bàbá wọn, gbólóhùn náà kò sì sọ ẹni tí ó gbà wọ́n láyè.

Abala kejì kò yàtọ̀. Dòsùnmú "will be allowed" láti máa jẹ́ orúkọ ọba. Ó sì "will be permitted" láti máa parí ìjà láàárín àwọn ọmọ Èkó, bí àwọn náà bá fẹ́, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ lọ sábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Jẹ́ kí ẹnìkan gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀. Bí ó bá wí pé "A ó gba Dòsùnmú láyè", ta ni "a" náà? Dòsùnmú ni ó ń sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ṣé òun ni yóò gba ara rẹ̀ láyè? Bí ó bá wí pé "Wọn yóò gba Dòsùnmú láyè", ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó korò: ọba tí ó jókòó sí Ìgá Ìdúngànrán yóò gbọ́ pé àwọn kan wà tí wọn yóò máa fún òun ní àyè láti jẹ́ ọba. Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ kan náà kalẹ̀ láìdun ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé Yorùbá ṣe aláìní ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ní. Yorùbá kọ̀ láti bo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì bò.

Abala kẹta ni ó kún jù. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ Dòsùnmú, "affixed to the document", ti di ẹ̀rí pé ọmọ ìlú mìíràn kò ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí a ń gbé fún ẹlòmíràn. Òun náà "will be permitted" láti máa lò ó bí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ owó wà. Ó tọ́ kí á sọ òtítọ́ pé olùṣe fara hàn díẹ̀ níbẹ̀: àwọn aṣojú Ọbabìnrin ni wọ́n ṣe ìlérí, bí Ọbabìnrin bá fọwọ́ sí i. Iye tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ lọ́dọọdún ni iye tí ó dọ́gba pẹ̀lú owó tí ó ṣẹ́ kù fún ọba tẹ́lẹ̀, "hitherto annually received by him". Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan àkókò àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà san án, olùṣe tún wọlé lọ: "as may hereafter be determined". Gbólóhùn afaragbá ni èyí nínú awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe. Àkókò yòówù, ọ̀nà yòówù, tí a bá pinnu lẹ́yìn náà. Ta ni yóò pinnu? Ìwé dákẹ́.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1862, àfikún kan wọlé, ó sì yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi í wé ti ìṣáájú. Nínú rẹ̀ ni aṣojú Ọbabìnrin ti sọ̀rọ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ owó náà: 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dún. Ní ìṣirò àtijọ́ tí àpò kan ń gba ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000, ó jẹ́ 24,000,000 owó ẹyọ. Nígbà tí olùṣe jáde síta, iye náà bá a jáde. Ohun méjì mìíràn sì bá a jáde pẹ̀lú: pé owó náà kò ní kọjá ọjọ́ ayé Dòsùnmú, àti pé yóò dúró bí ó bá da àdéhùn. Dòsùnmú wàjà ní ọdún 1885.

Ibi owó yìí kan náà ni àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀ nínú ìtumọ̀ ti hàn kedere. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti sọ "by" di "láti ọwọ́", ìwé ìròyìn sì ti bá wọn lò ó débi pé etí ti gbà á. Lórí èèpo ìwé, tí ó ń fi orúkọ òǹkọ̀wé hàn, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi túmọ̀ "received by him": "owó tí a ń gbà láti ọwọ́ rẹ̀". Kí ni ó sọ yìí? Ó sọ pé Dòsùnmú ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹni tí ń gba owó ti di ẹni tí ń san án. Bẹ́ẹ̀ ni "ìwé tí a rà láti ọwọ́ Adé" yóò sọ Adé tí ó ra ìwé di Adé tí ó tà á. Ìdí rẹ̀ ni pé "láti ọwọ́" ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú Yorùbá kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé: ó ń sọ ibi tí nǹkan ti ń bọ̀. Ẹni tí ó bá mọ gírámà Yorùbá kò ní wá ọ̀rọ̀ kankan fún "by". Yóò dá olùṣe padà sórí àga rẹ̀ ni: "owó tí ó ń gbà lọ́dọọdún". Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó mọ́, kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ọ̀ràn ilẹ̀ ni ó kù. Ìwé náà fi erékùṣù sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́, èrè àti ilẹ̀ "thereunto belonging". Awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe tí a gé kúrú ni èyí pẹ̀lú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pààlà: kí ó sọ èyí tí ó wọlé àti èyí tí ó kù síta. Níbo ni ààlà náà wà? "Tí ó jẹ́ ti ọba" kò ní fẹ̀ púpọ̀, nítorí ní Èkó, àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ ni wọ́n ń ṣàkóso ilẹ̀ fún ìdílé wọn. Ṣùgbọ́n "tí ó jẹ́ ti erékùṣù náà" lè kó ohun gbogbo. Ti erékùṣù ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wí. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá ní ọdún 1913, ìbéèrè tí ó dìde ni pé: ṣé owó ilẹ̀ ni ó tọ́ sí Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tàbí owó àmójútó lásán? Olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, àwọn adájọ́ Privy Council dájọ́ pé fífi tí Dòsùnmú fi ìlú sílẹ̀ kò gba ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn, àti pé owó ilẹ̀ ni kí wọ́n san. Gírámà kọ́ ni wọ́n fi dájọ́, ṣùgbọ́n ààlà tí gírámà kò pa ni wọ́n bá ìlú pa.

Ẹjọ́ mìíràn tún ti Ìsàlẹ̀ Èkó jáde tí ó kọ́ni ní apá kejì ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1925, ìjọba rọ Èṣùgbàyí Elékòó lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin tí wọ́n dì mú fún lílé náà ń sọ̀rọ̀ nípa ìjòyè tí a ti rọ̀ lóyè, tí àṣà ìlú sì bèèrè pé kí ó kúrò nílùú. Ìwà awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe ni pé kì í jiyàn. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ayé ti gbà. Bí ẹnìkan bá wí pé "ìjòyè tí a ti rọ̀ lóyè gbọ́dọ̀ lọ", ẹni tí ń gbọ́ yóò máa ronú lórí lílọ, kò ní ronú lórí bóyá wọ́n rọ̀ ọ́ ní tòótọ́. Ní ọdún 1931, Lord Atkin, nígbà tí ó ń sọ ìpinnu Privy Council, tú awẹ́-gbólóhùn náà palẹ̀. Ó ní ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wádìí: ṣé ìjòyè ni Èṣùgbàyí? Ṣé wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè? Ṣé àṣà kan wà ní tòótọ́ tí ó ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò ní ìlú? Ohun tí òfin gbé kalẹ̀ bí ohun tí ó ti parí padà di ìbéèrè. Ní ọdún náà ni Elékòó padà sí Èkó. Ó sì wàjà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹjọ́ yìí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi ẹnu lásán dá Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi. Èdè tí ó bo olùṣe mọ́lẹ̀ ni Lord Atkin náà sọ, òun kan náà ni ó sì fi wá a jáde. Yorùbá pẹ̀lú kò mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: "wọ́n ní" ti ba ilé jẹ́ ju ìbọn lọ. Ohun tí ìyàtọ̀ èdè méjèèjì fi fún ẹni tí ó gbọ́ wọn ni àǹfààní láti fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Ibi tí ìtumọ̀ bá ti há mọ́ni lọ́fun, tí "a" kò bá a mu, tí "wọ́n" sì ń ta létí, ibẹ̀ ni ìwé ti fi nǹkan pamọ́.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwọn olùkọ́ gbé iṣẹ́ yíyí gbólóhùn po kúrò ní ipò eré. Kí wọ́n kọ́ ọmọ láti bi gbólóhùn afaragbá kọ̀ọ̀kan léèrè ẹni tí ó ṣe é, àti ìdí tí a kò fi dárúkọ rẹ̀. Kí wọ́n kọ́ ọ láti bi awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ó ti gbà sí òtítọ́ láìtíì wádìí. Kí wọ́n sì fi ìwé tí a ti kọ fún àwọn baba rẹ̀ kọ́ ọ, dípò Adé àti ìwé rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti lè ka Àdéhùn Èkó bẹ́ẹ̀, tí ó dàgbà, tí wọ́n gbé ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé iṣẹ́ síwájú rẹ̀ pé kí ó tọwọ́ bọ̀, kò ní ṣàìmọ ibi tí yóò ti bèèrè pé, "Ta ni yóò ṣe é?"